Ìrìn mi ń dà mí láàmú o

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará. Kábà ni mo ń gbé, ọkùnrin ẹni ọdún 43 ni mí. Bí mo bá fẹsẹ̀ rìn láti ọjà délé, ìbàdí á máa ro mí gógó. Ìyàwó mi á ru iṣu tẹ̀lé mi, ọrùn rẹ̀ á nà ṣánṣán, ìdí á máa mì, kò ráhùn rí. Mo mọ̀ pé egungun ìbàdí obìnrin fẹ̀ ju tiwa lọ, èjìká lọkùnrin máa ń jù bó bá ń rìn. Ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ bàtà mi ọ̀tún nìkan ló ń gbó. Mo ti ra bàtà tuntun, mo ń gbórí sókè, mo ń fi gìgísẹ̀ kọ́kọ́ tẹlẹ̀ (àwọn ọmọ ní mo ń rìn bíi sójà). Ọ̀sẹ̀ 3 rèé, ìrora ò lọ. Ṣé kí n tẹra mọ́ ọn ni, àbí kí n lọ rí dókítà? Ẹ má bínú, ó gùn díẹ̀. Ẹ ṣeun ṣáájú o.