Wọ́n kọ "Forensics" sára ife-ẹ̀yẹ ọmọ wa

Ìyá Àlàbá, Mọ́kọ́lá:
Ẹ gbà mí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Amẹ́ríkà fi fọ́tò ránṣẹ́, ó gbé ife dání, wọ́n kọ "Forensics" sí i. Màmá wa ti ń sunkún: "Òkú ni wọ́n ń jẹ́ kí ọmọ ọdún 16 máa là?" Bẹ́ẹ̀ táì ló dè mọ́rùn o.

Tíṣà Bódìjà:
Ẹ bu omi tútù fún Màmá. Dìbéètì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nílé-ìwé níbẹ̀! Látinú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ó jẹ mọ́ gbangba ọjà tí àwọn ará Róòmù ti ń rojọ́. Ọdún 1925 ni Bruno Jacob dá National Forensic League, ẹgbẹ́ dìbéètì àwọn ọmọ ilé-ìwé, sílẹ̀ ní Ripon, Wisconsin, ní Amẹ́ríkà. Ní 2014 wọ́n sọ ọ́ di National Speech & Debate Association. Bóyá ọ̀rọ̀ òkú yìí náà ló sú wọn.

Bọ̀dá Láàbù:
Màmá ò kúkú ṣìnà. "Forensics" náà ni wọ́n ń pe iṣẹ́ ẹni tó ń yẹ ìtẹ̀ka àti ẹ̀jẹ̀ wò láti mọ ọ̀daràn, torí iwájú adájọ́ náà ló ń gbé e lọ. Kì í sì í ṣe gbogbo irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ló dájú: ní 2009, National Academy of Sciences, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà, ní yàtọ̀ sí àyẹ̀wò DNA (àbùdá inú ara ènìyàn), ẹ̀rí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó.

Ìyá Àlàbá:
Mo ti kà á fún Màmá. Wọ́n ní ṣé torí ẹnu lásán ni wọ́n ṣe fún un ní ife? Wọ́n ní ìyàwó àbúrò àwọn ì bá ti gba ogún ife.