Ohun tójú mi rí nídìí oúnjẹ Kòríà

Ẹ̀yin Yorùbá tá a jọ wà ní Kòríà, tí ẹ ń sọ̀rọ̀ kimchi, ẹ̀fọ́ kíkan alátá wọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú èmi náà rí nídìí oúnjẹ wọn. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà ara mọ́tò ni mo wà ní Ansan, ìlú táwọn òṣìṣẹ́ àlejò pọ̀ sí dáadáa lẹ́bàá Seoul. Bí ọ̀gá bá ti ní hoesik wà lálẹ́, pé gbogbo wa máa jọ lọ jẹun, kò sẹ́ni tó ń sọ pé òun ò lọ.

Ti ká fọwọ́ méjèèjì bu ọtí fágbà, ti pé àgbà ló ń kọ́kọ́ mú ṣíbí, ta ni wọ́n fẹ́ kọ́? Ọmọ Yorùbá mà ni mí. Èyí tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ọmọdé tó bá fẹ́ mu soju, ọtí líle wọn, níwájú àgbà gbọ́dọ̀ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àfi ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn ń mú mi lọ jẹ cheonggukjang. Wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àlejò kì í lè jókòó tì í. A ò tíì ṣílẹ̀kùn tí òórùn rẹ̀ fi pàdé wa lóde. Háà! Irú! Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n ń sè, tí wọ́n á bò síbi tó móoru fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta títí á fi máa yọ̀, tí á máa fà. Ìkòkò amọ̀ dúdú ni wọ́n fi gbé e wá, ó ṣì ń hó yaya, tòfú, ìyẹn wàrà ẹ̀wà sóyà, àti àlùbọ́sà eléwé nínú rẹ̀. Mo bù ú sórí ìrẹsì, mo ń jẹ lọ. Ìyá kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ wa gbé ṣíbí tiẹ̀ sílẹ̀, ó ń wò mí. Ìgbà tí mo ní kí wọ́n bù kún un, ariwo sọ! Ata rẹ̀ nìkan ni kò tó.

Àmọ́ naengmyeon, ẹ jọ̀wọ́ o. Núdù nínú omi ẹran tútù, yìnyín lórí rẹ̀, wọ́n á tún da fínígà àti músítádì sí i. Ọbẹ̀ oníyìnyín, nítorí kí ni? Nínú ooru oṣù keje tí wọ́n ń jẹ ẹ́ yẹn náà ni wọ́n tún ń jẹ samgyetang, odidi adìyẹ kékeré tí wọ́n ki ìrẹsì àti ginseng, gbòǹgbò kan tí wọ́n fi ń ṣe oògùn, sínú, tó gbóná fẹlifẹli. Ìyẹn, ẹ gbé e wá láàárọ̀, ẹ gbé e wá lálẹ́.

Ẹ̀yin ará Busan àti Daegu, ta ló ti fi cheonggukjang se ẹ̀fọ́ rí? Ṣé ká yọ tòfú kúrò, àbí ká kúkú ra èyí tí wọn ò tíì fi se ọbẹ̀?