Neijia kì í ṣe ìjà ẹ̀mí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka àbá méjèèjì tó wà nílẹ̀ lórí ohun tí a ó máa pe neijia, orúkọ tí àwọn ará Ṣáínà fi kó mẹ́ta nínú ìjà ìbílẹ̀ wọn, Taijiquan, Xingyiquan àti Baguazhang, pọ̀. Ẹnì kan ní ká pè é ní ìjà ẹ̀mí, ká wá pe ìjà Shaolin àti àwọn ìjà Ṣáínà yòókù ní ìjà ara. Ẹnì kejì ní ìjà abẹ́nú. N kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú wọn.

Bí èèyàn bá gbọ́ ìjà abẹ́nú, wàhálà inú ẹgbẹ́ òṣèlú ni ọkàn rẹ̀ máa lọ, torí bí àwọn oníròyìn ṣe ń lò ó nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ìjà ẹ̀mí ló ń kọ mí lóminú, nítorí gbogbo wa la mọ ohun tí ogun ẹ̀mí jẹ́ lẹ́nu oníwàásù, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń kọ́ Taijiquan kò bá ẹ̀mí kankan jà. Qi, ohun tí wọ́n ní ó ń ṣàn nínú ara, ló fa ọ̀rọ̀ ẹ̀mí yìí, èémí ló sì sún mọ́.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an. Nínú tuishou, ìdánrawò títi ara ẹni nínú Taijiquan, ẹni méjì á dojú kọra, ọrùn ọwọ́ wọn á kanra. Bí ọ̀kan bá ti èkejì, èkejì kò ní fi ipá dá a dúró, kò sì ní sá sẹ́yìn kí ọwọ́ wọn má bàa tú. Á gbé ara lé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, á yí ìbàdí díẹ̀, ipá náà á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìgbà tí ẹni tó ń tini bá ti tẹ̀ síwájú kọjá ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbà á dúró ni èkejì á wá tì í padà: láti gìgísẹ̀ sí ìbàdí, láti ìbàdí dé àtẹ́lẹwọ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Ara ló ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn.

Àbá ìjà ẹ̀mí àti ìjà ara yẹn tún mọ odi sáàárín àwọn ìjà tó ti ń wọnú ara wọn tipẹ́. Lọ́dún 1669, ọ̀mọ̀wé Huang Zongxi kọ ọ̀rọ̀ ìrántí fún ibojì Wang Zhengnan, ọ̀gá nínú neijia, ó ní Shaolin a máa kọluni, ṣùgbọ́n neijia a máa fi ìdákẹ́jẹ́ borí ẹni tó ń bọ̀. Kò dárúkọ ọ̀kan nínú ìjà mẹ́ta tí à ń sọ yìí. Àwọn òpìtàn kan tilẹ̀ rò pé òṣèlú ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, torí àwọn Manchu tó ti òde wá gba ìjọba Ṣáínà: neijia dúró fún ará ilé, Shaolin fún àjèjì. Ó ju igba ọdún lọ kí orúkọ náà tó mọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lára. Sun Lutang (1860–1933), tó kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wà lára àwọn tó fi ìwé gbé e káàkiri.

Baguazhang ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dá mi lójú jù. Púpọ̀ nínú àwọn tí Dong Haichuan, ẹni tí wọ́n gbà pé ó dá Baguazhang sílẹ̀, kọ́ ní Beijing ní ọ̀rúndún 19 ló ti mọ ìjà mìíràn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ohun tí kálukú gbé wá ló sì kọ́ ọ lé lórí. Yin Fu gbé ẹ̀ṣẹ́ Luohan wá, irú ti Shaolin. Cheng Tinghua, oníṣòwò awò ojú, gbé shuaijiao wá, ìjàkadì ilẹ̀ Ṣáínà. Títí dòní, ọwọ́ àwọn ọmọ Yin Fu a máa gúnni, àwọn ti Cheng a máa lọ́ni, wọ́n á sì dáni. Gbogbo wọn ń rìn yípo kan náà. Níbo ni inú wá parí sí tí òde fi bẹ̀rẹ̀?

Taijiquan náà ńkọ́? Ìdúró danbian tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn pàṣán kan, wà lára méjìlélọ́gbọ̀n tí Ọ̀gágun Qi Jiguang ṣà jọ láti inú oríṣiríṣi ìjà ní ọ̀rúndún 16. Ìjọba gan-an gbìyànjú àtipín wọn. Ilé ẹ̀kọ́ ìjà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Nanjing lọ́dún 1928 fi ẹ̀ka Wudang, ti àwọn ìjà neijia, sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀ka Shaolin sí èkejì. Ìjà bẹ́ láàárín ẹ̀ka méjèèjì, wọ́n sì tú ìpín náà ká láìpẹ́.

Nítorí náà, jia tó wà nínú neijia ni kí a kọ́kọ́ túmọ̀. Ilé ni, ìdílé ni; nei ni inú, wai ni òde. Mo dábàá agboolé inú fún neijia, agboolé òde fún waijia, ìyẹn Shaolin àti àwọn yòókù. Agboolé ń sọ ẹni tó kọ́ni àti ẹni tí a kọ́, ó sì fàyè gba àna àti àlejò, bí Cheng Tinghua ṣe wọlé pẹ̀lú ìjàkadì rẹ̀. Inú náà bá a mu, torí inú là ń rò, èrò sì ni yi tó wà nínú orúkọ Xingyiquan.

Ó ku li àti jin, ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n fi ń pe agbára nínú ìjà wọ̀nyí. Ipá tó fún li, agbára tí a bí mọ́ni tàbí tí iṣẹ́ fúnni. Jin ni agbára tí ẹ̀kọ́ ti tò, irú èyí tí mo ṣàlàyé nínú tuishou lókè. Agbára nìkan ti fẹ̀ jù fún un, okun sì jọ mọ́ ìlera. Ẹ bá mi bi àwọn àgbà tó ja ìjàkadì nígbà èwe wọn léèrè: kí ni wọ́n ń pe okun ọmọ tín-ín-rín tó ń dá géńdé?