Lórí orúkọ tí a ó máa pe gentrification

Ẹ̀yin ògbufọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi,

Àbá méjì ni ó wà nílẹ̀ báyìí fún gentrification, ìyẹn bí àwọn tí ó lówó ṣe ń wọ àdúgbò àwọn tí kò ní lọ́wọ́, títí àwọn onítibẹ̀ fi ń kó kúrò: "ìsọdọ̀tun àdúgbò" àti "ìfowóléni", èyí tí wọ́n fẹ́ kí ó túmọ̀ sí fífi owó lé ènìyàn jáde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó mú wọn wá, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1964 ni Ruth Glass, onímọ̀ nípa ìbágbépọ̀ ẹ̀dá, lò ó nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé kan lórí London. Ohun tí ó rí ni pé àwọn tí ó rí já jẹ ń wọ àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́. Ilé kéékèèké, yàrá méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, ń bọ́ sí wọn lọ́wọ́ bí àdéhùn àwọn tí ń gbé inú wọn bá ti parí, wọ́n sì ń tún un ṣe di ilé olówó ńlá, títí àwọn tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fi kó kúrò tán tàbí kí ó kù díẹ̀. Gentry tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni àwọn ọlọ́lá onílẹ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀fẹ̀ ni obìnrin náà sì fi orúkọ wọn ṣe. Ìsọdọ̀tun kò ní ẹ̀fẹ̀ nínú, kò sì sí ẹni tí ó kó ẹrù jáde nínú rẹ̀.

Ẹ tún fi í túmọ̀ òfin wò. Ní Jámánì, abala 172 nínú òfin ìkọ́lé fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti ya àdúgbò kan sọ́tọ̀, kí onílé ibẹ̀ máa gba àṣẹ kí ó tó wó ilé tàbí kí ó tó yí i padà, kí àwọn tí ń gbé ibẹ̀ má baà di ẹni àwátì. Berlin ń lò ó dáadáa. Onílé lè tún òrùlé tí ń jò ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n lè kọ̀ fún un bí ó bá fẹ́ fi balùwẹ̀ kejì kún un tàbí kí ó so ibùgbé méjì pọ̀ di ẹyọ kan. Bí a bá kọ ọ́ pé ìjọba ń dènà "ìsọdọ̀tun àdúgbò", òǹkàwé yóò béèrè irú ìjọba tí ó kórìíra ohun tuntun.

Ní ti "ìfowóléni", lé tí a fi ń lé adìyẹ àti lé tí a fi ń gbé nǹkan lé orí nǹkan, ohùn kan náà ni wọ́n gbà, àmì ohùn kò sì lè yà wọ́n. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lè rò pé ńṣe ni wọ́n fi owó lé ayálégbé lọ́wọ́. Ìyẹn ì bá dára!

Bọ̀rọ̀kìnní ni ó wù mí. A ní i tẹ́lẹ̀, a sì máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ díẹ̀ bí a bá ń pè é. "Wọ́n ti sọ àdúgbò yẹn di ti bọ̀rọ̀kìnní": kò sí ẹni tí yóò ní kí a ṣàlàyé. Nítorí náà, ìsọdi-ti-bọ̀rọ̀kìnní ni àbá tèmi. Ẹ má ṣe yọ "ti" náà, nítorí àdúgbò kì í di bọ̀rọ̀kìnní. Ọwọ́ bọ̀rọ̀kìnní ni ó ń bọ́ sí. Mo gbà pé ó gùn. Bí ẹnìkan bá rí èyí tí ó kúrú jù ú lọ, tí "ti" yẹn kò sì sọnù nínú rẹ̀, n ó ju tèmi sílẹ̀.