Ẹ wá sọ ìrírí yín: kí ni ẹ fi dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá, tí í ṣe Àyájọ́ Ọjọ́ Àwọn Olùkọ́ Lágbàáyé, tún fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Láti ọdún 1994 ni wọ́n ti ń ṣe àyájọ́ yìí, ní ìrántí ìwé àbá lórí ipò olùkọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní Paris ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1966, èyí tí àjọ UNESCO, tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ lágbàáyé, àti àjọ ILO, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, jọ gbé kalẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń sọ, pé èrè olùkọ́ ń bẹ lọ́run. Èmi kò bá ọ̀run jà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ti ṣe fún olùkọ́ kan nílẹ̀ ayé níbí, pàápàá jù lọ lórí ohun èlò tí ó fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa tí a jọ jáde níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkè-Ògùn. Nígbà tí a fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ tó wà níbẹ̀ báyìí, ohun tí gbogbo wa fẹnu kò lé lórí ni aago ara ògiri tí a ó tẹ orúkọ ẹgbẹ́ wa sí gàdàgbà-gadagba. Ọ̀kan nínú wa, tí òun náà jẹ́ olùkọ́ ní Òṣogbo, ló wá béèrè bóyá a ti bi àwọn olùkọ́ náà ní ohun tí wọ́n ń fẹ́. Kò sí ẹni tó bi wọ́n. Ó ní ògiri ọ́fíìsì ọ̀gá iléèwé tòun kún fún irú aago bẹ́ẹ̀ tí oríṣiríṣi ẹgbẹ́ gbé wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní bátìrì nínú.

A wá rán ènìyàn lọ bi wọ́n. Ọ̀gá iléèwé béèrè fún agogo, nítorí pé ríìmù ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ igi tí wọ́n máa ń lù tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń ṣa irin kiri ti jí i gbé. Olùkọ́ kíláàsì kẹfà ń fẹ́ rúlà onígi gígùn àti kọ́ńpáàsì ńlá tí wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì há lẹ́nu, torí òwú tí ó so mọ́ ṣọ́ọ̀kì ni ó fi ń ya òbìrìkìtì sójú pátákó. Ẹnìkan ń fẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́, kí ikán má baà jẹ gbogbo àwòrán tí ó fi owó ara rẹ̀ ra kádíbọ́ọ̀dù yà.

Ti olùkọ́ kíláàsì kìíní ni ó yà wá lẹ́nu jù. Ó ní kí a ra ọ̀ṣùṣù ọwọ̀ àti rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó wá fún òun. Àwọn kan nínú wa rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ilẹ̀ kíláàsì ni ó fẹ́ gbá. Èmi ni mo lọ gbé e fún un, nígbà tí mo sì padà lọ kí i, ó ní kí n jókòó sẹ́yìn kí n máa wòran. Ó ti gé ọwọ̀ náà sí kéékèèké ní gígùn kan náà, ó ti kà á ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, ó sì ti fi rọ́bà di mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan pọ̀. Ó kọ 27 àti 15 sójú pátákó. Ọmọbìnrin kékeré kan kó ìdì méjì pẹ̀lú ẹyọ méje, ọmọkùnrin kan kó ìdì kan pẹ̀lú ẹyọ márùn-ún, wọ́n sì dà wọ́n pọ̀ sórí tábìlì. Nígbà tí wọ́n ka ẹyọ tó wà nílẹ̀, ó jẹ́ méjìlá. Olùkọ́ kò sọ nǹkan kan, ó kàn na rọ́bà kan sí wọn. Ọmọbìnrin náà ka mẹ́wàá kúrò nínú ẹyọ, ó dì í, ó tò ó ti àwọn ìdì yòókù, ló bá pariwo pé, "Ìdì mẹ́rin, ó ku méjì!"

Ní ìgbà tèmi, "kọ 2 sílẹ̀, gbé 1 sókè" ni wọ́n máa ń wí, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé 1 tí mo ń gbé sókè yẹn, mẹ́wàá ni. Èmi tí mo ń fi ìṣirò jẹun nílé ìfowópamọ́, ẹ̀yìn kíláàsì kìíní ni mo ti fojú ara mi rí i. Owó gbogbo ọwọ̀ àti rọ́bà náà kò sì tó owó aago kan ṣoṣo. A ra agogo náà pẹ̀lú. Kọ́bọ́ọ̀dù ni a ṣì ń dá owó rẹ̀ jọ.

*Láti ọ̀dọ̀ màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, Ilé-Ifẹ̀*

Akọ̀wé, o ṣeun, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ọwọ̀ yẹn mú inú mi dùn, nítorí ọmọ ayò àti ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò ni àwa máa ń lò nígbà tiwa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti pátákó fún yín. Nígbà tí mo gba Grade Two, ìwé ẹ̀rí àwọn olùkọ́ ìgbà náà, tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a kì í rí ọ̀dà pátákó gbà déédéé. Bí táàmù bá ti fẹ́ parí, a ó ní kí àwọn ọmọ kó bátìrì rédíò àti ti tọ́ọ̀ṣì tó ti kú wá láti ilé. A ó fọ́ ọ, a ó yọ nǹkan dúdú inú rẹ̀, a ó gún un pọ̀ mọ́ èédú àti ewé tútù, a ó fi omi pò ó, a ó sì fi àkísà kùn ún sójú pátákó. Bí ó bá gbẹ tán, yóò dúdú kirikiri, lẹ́tà yóò sì máa hàn kedere lójú rẹ̀. Lónìí, n kò ní gbà kí ọmọ kankan fọwọ́ kan inú bátìrì, nítorí kẹ́míkà inú rẹ̀ kì í ṣe ohun ìṣeré, ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ wa tó nígbà náà ni a lò.

Ohun tí pátákó dúdú ń fẹ́ ni pé kí ojú rẹ̀ má dán, kí ó sì rí ṣákiṣàki díẹ̀, kí ṣọ́ọ̀kì lè mú un. Ní ìlú kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ọlọ́lá kan fi inú rere rán akunlé sí iléèwé wa, wọ́n sì fi ọ̀dà olóròóró kun gbogbo pátákó wa pátá. Ó dùn ún wò nínú fọ́tò tí wọ́n yà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, àwọn ọmọ tó jókòó lápá ọ̀tún kò rí nǹkan kan lójú pátákó bí kò ṣe ìmọ́lẹ̀, ṣọ́ọ̀kì sì ń yọ̀ lójú ọ̀dà láìkọ. Àwa olùkọ́ ni a fi sáńpépà ha gbogbo rẹ̀ dànù, a kò sì jẹ́ kí ọlọ́lá náà gbọ́, kí inú rẹ̀ má baà bàjẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra pátákó funfun fún iléèwé báyìí, ẹ rántí máákà rẹ̀. Máákà wọ́n ju ṣọ́ọ̀kì lọ, bí ẹnìkan bá sì gbàgbé láti dé e, ó ti gbẹ nìyẹn. Mo mọ kíláàsì kan tí pátákó funfun ti di ibi tí wọ́n ń lẹ kádíbọ́ọ̀dù mọ́ kí táàmù tó parí, nítorí ẹni tó fi í tọrẹ kò ronú kan ohun tí yóò máa jẹ.

Bí ẹ bá wá bi mí ní ohun èlò tó dára jù lọ tí ẹnikẹ́ni fi sí olùkọ́ lọ́wọ́ nílẹ̀ yìí, ìwé Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ ni n ó dárúkọ. Ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò náà níléèwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, àyàfi Gẹ̀ẹ́sì, tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ń kọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láyè ara rẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń sọ bí àwọn ọmọ náà ṣe ṣe dáadáa tó, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ojú olùkọ́ ni èmi fi ń wò ó. Wọn kò kàn pàṣẹ fún olùkọ́ pé kí ó lọ máa fi Yorùbá kọ́ ìṣirò. Wọ́n kọ ìwé ìṣirò, wọ́n kọ ti sáyẹ́ǹsì, wọ́n kọ ti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àṣà, wọ́n sì dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ lórí bí yóò ṣe lò wọ́n. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní ìparí ọdún 2022 pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, ohun tí mo kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọmọ mi tó ka ìròyìn náà fún mi ni pé, "Ìwé rẹ̀ dà?" Ní ọdún 2025 ìjọba fagi lé ìlànà náà.

Ẹ̀bùn tí èmi mọ rírì rẹ̀ jù nínú gbogbo èyí tí mo gbà ni àpótí pẹrẹsẹ kan tí ọmọ kan tí mo kọ́, tó di káfíńtà, kàn fún mi. Ó ti wọn kádíbọ́ọ̀dù kí ó tó gé pákó rẹ̀, nítorí náà àwọn àwòrán mi kì í ká, wọn kì í sì í ya. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo fi í sílẹ̀ fún ẹni tó gba kíláàsì lọ́wọ́ mi.

*Láti ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́mọ kan, London*

Màmá, ẹ ṣeun púpọ̀. Níhìn-ín, oṣù keje ni ọdún ẹ̀kọ́ máa ń parí, àwọn òbí a sì ra káàdì, ṣokoléètì àti ife tíì fún olùkọ́. Olùkọ́ ọmọ mi fi àwàdà sọ fún mi pé ife tó wà nílé òun pọ̀ ju àlejò òun lọ. Nígbà tí mo bi í ní ohun tí ó ń fẹ́ ní tòótọ́, ó ní gọ́ọ̀mù àti ìwé ìtàn tí àwọn ọmọ yóò máa kà nínú kíláàsì, nítorí owó àpò òun ni òun fi ń rà wọ́n. Mo ti rò pé Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

*Láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan, Abẹ́òkúta*

Mo kí gbogbo àgbà tó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú mi. Iléèwé ìjọba ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí wọ́n ti àwọn iléèwé pa ní oṣù kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn kòrónà, tí ẹ̀kọ́ wá di ohun tí wọ́n ń ṣe lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, mo máa ń ka ẹ̀kọ́ sórí WhatsApp fún àwọn òbí. Dátà mi ni mo ń lò, ṣùgbọ́n kì í ṣe dátà ni ìṣòro tó le jù. Ọ̀pọ̀ àwọn òbí náà ni fóònù wọn kò lè gba WhatsApp rárá. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ wà lára wọn. Rédíò kékeré kan wà ní ìsọ̀ rẹ̀, ó sì ní kí ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ aládùúgbò máa fara balẹ̀ gbọ́ ọ, kí wọ́n sì máa kọ ohun tí wọ́n bá gbọ́ sílẹ̀. Bí mo bá ti ń lọ ra ẹ̀kọ, mo máa ń bá wọn yẹ ìwé wọn wò. Kì í gba owó ẹ̀kọ lọ́wọ́ mi, bí mo tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí iléèwé wọlé padà, a kò rí ṣọ́ọ̀kì gbà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tó sọ fún ìyá náà; ọmọ rẹ̀ ló délé sọ pé tíṣà ń fi èérún ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé. Ó gbé páálí ṣọ́ọ̀kì kan wá sí kíláàsì mi ní ọjọ́ kejì, pẹ̀lú dọ́sítà tí ó fi tìmùtìmù àlòkù rán. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú àwọn ọmọ. Ó ní kí n dìde, pé kì í ṣe ọ̀fẹ́: ọmọ òun ti mọ ìṣirò ṣe, ṣùgbọ́n kò tíì mọ ìwé kà dáadáa, kí n sì má ṣe jẹ́ kí ó jókòó sẹ́yìn mọ́, torí pé ó máa ń sùn.