Ta ló mọ àdúgbò orí òkè n'Ìbàdàn?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ogbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, ní Sábó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń gbé mi lọ sí Ìbàdàn lóṣù tó ń bọ̀. Orí òkè ni mo fẹ́ gba ilé sí. Lọ́dún tó kọjá, òjò òru kan gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ìgbà tí mo máa fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀, bàtà mi kan ti ń léfòó lọ sí kíṣìnì. Mi ò lè lọ bá odò Ògùnpa ṣe irú eré yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Ìbàdàn nígbà omíyalé ọdún 1980 àti 2011 mọ ohun tí mò ń sọ.

Mo mọ Mápó àti Òkè Ààrẹ níbi tí ilé gogoro Bower wà, àmọ́ ilé ibẹ̀ ti fún mọ́ra jù, mo sì ní mọ́tò. Mọ́kọ́lá ńkọ́? (Kì í kúkú ṣe gbogbo ibi tó ń jẹ́ Òkè náà ló ga.) Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kànga máa ń lómi lórí àpáta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Àwọn ọlọ́kadà ńkọ́, ṣé wọ́n ń gùn ún dókè, àbí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń já èèyàn? Ìyá mi á máa bá mi gbé, orúnkún wọn ò sì gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mọ́.