Oyún bàjẹ́ lára mi, ṣé kí n gba sick leave àbí kí n padà síbi iṣẹ́?

Kasíà Òṣogbo:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Tẹ́ ẹ bá dá mi mọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dárúkọ mi. Oyún oṣù méjì àti díẹ̀ ló bàjẹ́ lára mi lọ́sẹ̀ yìí. Orí ìdúró ni mo wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kasíà ni mí ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan nígboro níbí, mo rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, mo fi pádì sí i mo ń bá iṣẹ́ lọ, nígbà tó máa dalẹ́ inú ti ń lọ́ mi bíi ti ẹni tó ń rọbí, la bá gba ọsibítù lọ. Wọ́n ṣe scan, wọ́n ní ọkàn ọmọ ò lù mọ́. Dókítà fún mi ní oògùn tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n kí gbogbo ẹ̀ lè wálẹ̀ tán, ó ní kí n padà wá ṣe scan míì.

Mo pe mánéjà pé ara mi ò yá, ó ní ṣé mo mọ̀ pé ìparí oṣù la wà, pé ẹni tí ò bá wá ò ní gbowó ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ níbi iṣẹ́ pé mo tiẹ̀ lóyún. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà. Tí mo bá padà, ìdúró ni látàárọ̀ dalẹ́, àwọn oníbàárà á tún máa gbé Pampers àti aṣọ ìkókó síwájú mi kí n máa tẹ iye owó ẹ̀. Tí mo bá sì wà nílé, owó ilé ń bọ̀, ìyá ọkọ mi náà wà ńbẹ̀ tó ń wí pé mo rìn lọ́sàn-án gangan láìfi píìnì kọ́ aṣọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé dandan ni kí n sọ nǹkan tó ṣe mí fún wọn?

Ìyá Ìbejì Òkè-Fíà:
Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ọlọ́run á fi èyí tó máa dúró rọ́pò. Tèmi ni pé kó o má jókòó sílé jù, ìrònú ò dáa. Nígbà tèmi, Ọjà-Ọba ni mo tètè padà sí, ariwo ọjà ni ò jẹ́ kí n ya wèrè.

Nọ́ọ̀sì Àjọkẹ́:
Ẹ má bínú Mama, nídìí ọjà tiyín ẹ lè jókòó nígbà tó bá rẹ̀ yín, ti kasíà ò rí bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi, ẹ̀jẹ̀ yẹn lè dà tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, àmọ́ ó yẹ kó máa dín kù ni. Tó bá di pé pádì ńlá 2 ń rin gbingbin láàárín wákàtí kan, tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 2 léra, àbí òòyì ń kọ́ ẹ, àbí ibà, àbí nǹkan tó ń jáde ń rùn, má dúró kílẹ̀ mọ́, gbéra lọ sí ọsibítù lóru náà. Wo káàdì irú ẹ̀jẹ̀ ẹ, tó bá jẹ́ negative (bíi O negative), tètè bi dókítà bóyá o nílò abẹ́rẹ́ anti-D, èyí tí kì í jẹ́ kí ara ìyá bá ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó ń bọ̀ jà, láàárín wákàtí 72 ló dáa jù. Kẹ́nikẹ́ni má fún ẹ lágbo tí wọ́n ní ó ń fọ ilé ọmọ o!

Ní ti píìnì, ohun tó sábà ń ba oyún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ni pé chromosome ọlẹ̀ náà, ìyẹn ohun tó ń gbé àbùdá ara, lé tàbí kò pé, bó ṣe dì ló ti rí bẹ́ẹ̀. Oòrùn ò fà á, ìdúró níbi iṣẹ́ ò fà á, ọwọ́ ẹ mọ́.

Akọ̀wé Ọláìyá:
Iṣẹ́ ìwé òṣìṣẹ́ ni mò ń ṣe. Labour Act, ìyẹn òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, section 16, ní kí wọ́n san owó iṣẹ́ tó ọjọ́ 12 lọ́dún fún òṣìṣẹ́ tára ẹ̀ ò yá, tí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ bá ti jẹ́rìí sí i. Torí náà ìwé dókítà lagbára ẹ, ìpè orí fóònù ò tó. Ní kí dókítà kọ pé ara ẹ ò lè ṣiṣẹ́ àti iye ọjọ́ ìsinmi, kò pọn dandan kó kọ oyún sí i. Ya fọ́tò ẹ̀ kó o tó fi ránṣẹ́. Wọ́n lè ní kí dókítà tiwọn náà wò ẹ́ o, jẹ́ kí wọ́n wò ẹ́, torí tó o bá kọ̀ wọ́n lè fìyẹn dí owó ẹ.

Bàbá Àdùkẹ́:
Ọkọ ẹ dà? Òun ló yẹ kó bá màmá ẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìwọ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ẹ. Àti ẹ̀yin ìyá wa, gbogbo wa mọ̀ pé agbè ò fọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kó sunkún omi tó dànù. Nígbà tó ṣẹlẹ̀ sí wa, ìyàwó mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnì kan, gbogbo ènìyàn ṣáà ń kí i pé kó má sunkún.

Kasíà Òṣogbo:
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á dá a padà fún yín. Dókítà ti kọ ìwé ọ̀sẹ̀ kan, "medical condition" ló kọ síbẹ̀, mo ti fi ránṣẹ́ sí mánéjà lórí WhatsApp, ó ní òun ti rí i. Ọkọ mi náà ti bá màmá sọ̀rọ̀. Tí mo bá padà, ṣé mo lè ní kí wọ́n fún mi ní àga, kí wọ́n sì gbé mi kúrò níbi ẹrù ọmọ?

Akọ̀wé Ọláìyá:
Béèrè, kọ ọ́ sílẹ̀. Ní kí dókítà fi ọ̀rọ̀ àga yẹn sínú ìwé lọ́jọ́ tó o bá lọ ṣe scan kejì, ìyẹn ni mánéjà ò ní lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.